Báńdéèjì Funfun Lẹ́sẹ̀ Pásítọ̀

1

…tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọwọ́ èèyàn a máa parọ́ láàárọ̀ òtútù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tutù. Ẹsẹ̀ òsì iwájú, lẹ́yìn egungun, níbi tí iṣan ńlá gbà kọjá: ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò pọ̀. Ooru ife kọfí tí èèyàn gbàgbé sórí tábìlì.

Verna Stroud dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ sì ń ké ju ti ẹṣin lọ. Ó wo ojú ẹṣin náà. Ẹṣin náà wo àpò rẹ̀, níbi tí súìtì mínǹtì máa ń wà.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ìwọ lò ń gbóná, èmi kọ́."

Tin Roof Parson ni orúkọ tó wà nínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Pásítọ̀ ni gbogbo ilé ẹṣin ń pè é, nítorí pé bó bá ti gbọ́ gbohùngbohùn báyìí, á tẹrí ba. Verna ti ní ẹṣin mẹ́rìnlá rí. Òun nìkan ló kù.


2

Àtẹ̀jíṣẹ́, agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, láti ọ̀dọ̀ Denzil Cottrill, akọ̀wé eré ní pápá ẹṣin Laurel Ford:

    Àǹtí Verna ẹ káàárọ̀. Ẹṣin yín ńkọ́
    Eré kẹjọ ọ̀sán yìí, mẹ́fà péré ni wọ́n
    MẸ́FÀ
    Ẹ bá mi gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má yọ tiẹ̀
    Mo ra búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran pẹpẹróní sí. Tiyín wà ní ọ́fíìsì


3

Ìkéde tó wà lára ògiri ilé ẹṣin. Ẹnìkan ti ya ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kù rèé:

    1. Ọjọ́ eré kò pé àfi bí eré mẹ́jọ bá wáyé lọ́jọ́ náà, tí ẹṣin inú eré kọ̀ọ̀kan kò sì dín ní mẹ́fà.
    2. Ilé tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ rẹ̀ bí ọjọ́ eré tó pé kò bá tó àádọ́jọ lọ́dún.
    3. Nínú owó tí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ bá jẹ, ìpín kan jẹ́ ti ẹ̀bùn àwọn ẹṣin.
    4. Ẹṣin tí kò bá sáré láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.
    5. Ẹni tó bá mọ̀ pé ara ẹṣin òun kò dá, tó sì mú un jáde wá sáré, yóò pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ tít

Ẹnìkan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ ìlà kẹrin pé: ÈMI NÁÀ ŃKỌ́?


4

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí Pásítọ̀ ti sáré kẹ́yìn.


5

Ìwé pélébé tí ilé tẹ́tẹ́ ń pín lẹ́nu ọ̀nà, tí kúpọ́ọ̀nù oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀:

    KÍ NI ẸṢIN Ń WÁ NÍNÚ ILÉ TẸ́TẸ́?
    Ẹ sọ fún aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀: ẸNI KAN Ò GBỌDỌ̀ GBÉ ẸNÌKEJÌ PỌ̀N!

Ìbéèrè àfojúdi ni, àmọ́ ó ní ìdáhùn. Kí ẹ̀rọ tó dé, koríko ti ń hù láàárín àga àwọn òǹwòran. Iṣẹ́ èédú ti kú, ilé iṣẹ́ irin ti kú, eré ẹṣin náà ń pọ̀kàkà ikú. Àwọn ẹlẹ́ṣin fúnra wọn ló lọ bẹ ìjọba kí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wọlé wá máa bọ́ ẹṣin. Ẹ̀rọ wọlé lóòótọ́, ó di ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ̀bùn eré tó kéré jù fò sókè láti ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là dé ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ní báyìí àlejò fẹ́ lé onílé, ó sì ń fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n bá òun gbé ẹrù onílé síta. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá.


6

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti báńdéèjì, nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Eré kẹjọ jẹ́ eré títà. Gbogbo ẹṣin inú rẹ̀ ló wà lórí igbá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan á kọ ìwé, á jù ú sínú àpótí onírin kó tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí eré bẹ̀rẹ̀. Kò ní bi ẹni tó ni ín léèrè. Bí géètì bá ti ṣí, ẹṣin ti di tirẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ títí eré á fi parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà baba Verna.

Ọgbọ́n wá wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ràn ẹṣin rẹ, tí o kò fẹ́ kí wọ́n rà á mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá di báńdéèjì funfun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níwájú. Àwọn òǹrajà á wò ó, wọn á ní, "Háà, ẹsẹ̀ ti bàjẹ́," wọn á sì kọjá lọ. Ọdún mẹ́fà ni Pásítọ̀ fi wọ báńdéèjì lórí ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá. Ó sáré ní ìgbà mọ́kànléláàádọ́rin, kò sẹ́ni tó ju ìwé kan ṣoṣo sínú àpótí nítorí rẹ̀. Verna a máa fi rẹ́rìn-ín bó bá ń mu kọfí pẹ̀lú àwọn ojúgbà rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òtítọ́ bá bá a tán tí kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.


7

Láti inú ìwé kékeré tí Verna ń fi sápò. Orí ojú ewé náà ló kọ ọ́ sí pé: ẸṢIN TÍ ROYCE AMBURGEY RÀ LỌ́DÚN YÌÍ.

    Coal Tipple. Ó sáré lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ ṣẹ́.
    Cornbread Annie. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ṣẹ́.
    Second Shift. Ẹ̀ẹ̀meje. Mo béèrè. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.
    Hush Now Dolly. Ẹ̀ẹ̀kan.


8

(Ilé tẹ́tẹ́, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ilene, ẹ̀gbọ́n Verna, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ní àwòrán ẹfọ̀n. Verna wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀.)

ILENE: Pa ẹnu ẹ dé. Ó fẹ́ ṣe nǹkan.

VERNA: Mi ò tíì sọ̀rọ̀.

ILENE: Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ ọ́. (Ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan.) O rí i báyìí? Ogún dọ́là ti lọ. Ìdì koríko kan nìyẹn. Kí Pásítọ̀ jẹ ẹ́ kó yó. Èmi ni mò ń bọ́ ẹṣin ẹ o, Verna, ìjọba kọ́.

VERNA: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ gbóná.

ILENE: Èwo?

VERNA: Òsì iwájú.

(Ilene mú ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn nìyẹn.)

ILENE: Yọ ọ́.

VERNA: Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á ku márùn-ún. Eré ò ní wáyé, ọjọ́ ò ní pé. Lọ́la kọ́, ọ̀túnla, wọ́n á gba yàrá ẹ̀. Níbo ni kí n gbé e lọ? Ṣé inú ilé kékeré onítáyà tí àwa méjèèjì ń gbé ni?

ILENE: Yàrá mi gbà á. Ó ṣáà sàn ju ọkọ mi àtijọ́ lọ, òun kì í hanrun.

VERNA: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́, mi ò ṣeré.

ILENE: Ta ló ń ṣeré? Ṣé o ti sọ fún Denzil?

VERNA: Ibẹ̀ ni mò ń lọ.

ILENE: Sọ ọ́ délẹ̀ o. Má lọ máa kùn sínú bíi baba wa.


9

(Ọ́fíìsì akọ̀wé eré. Denzil ní òun kò rántí pé òun sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Verna rántí. Mo kọ ọ́ bí Verna ṣe rántí rẹ̀.)

DENZIL: Ẹ jókòó, Àǹtí. Búrẹ́dì yín ti fẹ́ tutù.

VERNA: Denzil, mo fẹ́ yọ—

DENZIL: Ẹ jẹun ná.

VERNA: Ẹsẹ̀ Pásítọ̀ ni. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí, ó—

DENZIL: Ẹ má sọ ọ́ tán.

VERNA: Kí ló dé?

DENZIL: Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, mo ti gbọ́ nìyẹn. Bí mo bá sì ti gbọ́, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀.

(Verna bu búrẹ́dì náà jẹ.)

DENZIL: Ọjọ́ méjì la ti pàdánù lóṣù yìí, Àǹtí. Òjò gba ọ̀kan. Ìkejì, ẹṣin ò pé. Àwọn ará ilé tẹ́tẹ́ iwájú yẹn ń kà á, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀. Ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló ń jẹun lẹ́yìn ilé yìí. Àwọn tó ń kan bàtà ẹṣin, àwọn tó ń kó ìgbẹ́, àwọn agẹṣin—

VERNA: Mo mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti mọ baba wọn.

DENZIL: Ẹ dákun. Ẹ sọ fún Eliseo agẹṣin yín kó má nà án rárá. Kó kàn gbé e yí pápá ká. Ta ló fẹ́ ra ẹṣin ọdún mẹ́sàn-án tó wọ báńdéèjì?

VERNA: Kò sẹ́ni.

DENZIL: Ẹ rí i bí?

Búrẹ́dì yẹn ni Verna rántí jù. Ó jẹ ẹ́ tán. Ojú sì tì í pé ó dùn.


10

OHUN TÍ VERNA ṢE SÍ ẸSẸ̀ NÁÀ

    omi tútù, ogún ìṣẹ́jú
    yìnyín nínú bọ́ọ̀tì rọ́bà
    ó fọwọ́ kàn án
    omi tútù
    amọ̀ funfun tí wọ́n fi ọtí kíkan pò
    ó fọwọ́ kàn án
    àdúrà (kúkúrú)
    ó fọwọ́ kàn án
    yìnyín
    ó fọwọ́ kàn án

    Ó tutù. Ó mọ̀ pé yìnyín ló tutù, ẹsẹ̀ kọ́.

Ní agogo méjìlá, Nadine Pruitt, dókítà ẹranko tó ń yẹ gbogbo ẹṣin wò kí wọ́n tó sáré, dé ẹnu yàrá Pásítọ̀. Ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé ẹṣin méjìdínláàádọ́ta ló fẹ́ yẹ̀ wò kó tó jẹun. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó tutù. Ó fi àmì sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọjá sí yàrá kejì.

Verna lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun, Dókítà."


11

Ó di báńdéèjì funfun náà mọ́ ọn, ẹsẹ̀ méjèèjì, bíi ti ìgbà gbogbo.


12

Láti ọ̀dọ̀ Royce Amburgey, ẹni tó ń ra ẹṣin fún àwọn olówó ìlú ńlá, sí ọ̀gá rẹ̀. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Àpótí máa tì ní ìṣẹ́jú mẹ́fà sí i.

    Ọ̀gá mo ti rí ọ̀kan. Eré kẹjọ, nọ́ńbà mẹ́rin, Pásítọ̀
                        Mo rí i. Ó wọ báńdéèjì
    Báńdéèjì Verna nìyẹn, ẹ̀rín pa mí. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń tàn wá jẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nídìí kọfí
                        Bó bá wá jẹ́ òótọ́ lónìí ńkọ́
    Ẹgbẹ̀rún márùn-ún la máa rà á. Ẹ̀bùn eré kan, méjìdínlógún. Bó bá borí lẹ́ẹ̀kan péré ó ti san ara ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kó ṣẹ́ bó bá fẹ́ ṣẹ́
                        Ìgbà wo ló tún lè sáré
    Ọjọ́ kẹjọ òní
                        Rà á

Ẹ ò rí nǹkan? Nígbà tí ẹ̀bùn eré jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, báńdéèjì tó jẹ́ irọ́ tó láti lé òǹrajà sá. Lóde òní, báńdéèjì tó jẹ́ òótọ́ pàápàá kò lè lé e. Àwọn ẹ̀rọ Ilene ti sọ ẹsẹ̀ ẹṣin di ohun tí kò pọn dandan. Verna kò ro ìyẹn. Orí ọgbọ́n àtijọ́ ló ṣì jókòó sí.


12A

Kò sí yàrá kẹtàlá ní Laurel Ford. 12A ni wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Pásítọ̀ ń gbé. Èmi náà kò ní kọ nọ́ńbà yẹn sórí apá yìí. Kì í ṣe pé mo gbà pé ó ń fa oríburúkú. Mi ò kàn fẹ́ wá ìjà ẹ̀.

    Yàrá àwọn adájọ́ eré. Eré 8, ẹṣin nọ́ńbà 4.
    Ìwé tó wà nínú àpótí fún un: MẸ́TA.
    A ju bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́ta sínú ìgò, a mì ín.
    Èyí tó jáde: 2.
    Ẹni tó ni ín: R. Amburgey.

Mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ẹyọ kan kò wọbẹ̀. Ẹni tó ń fi ọgbọ́n ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín nídìí kọfí, etí wà nítòsí rẹ̀.


14

GBOHÙNGBOHÙN: Géètì ti ṣí!

    (Láti ìhín lọ, Pásítọ̀ kì í ṣe ti Verna mọ́. Obìnrin náà kò mọ̀. Ó di irin pápá mú.)

GBOHÙNGBOHÙN: Nọ́ńbà kan ló ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé e, Tin Roof Parson wà lẹ́yìn pátápátá—

    (Ó dáa. Dúró síbẹ̀. Dúró síbẹ̀, Pásítọ̀ mi.)

GBOHÙNGBOHÙN: —wọ́n ti dé kọ́nà—

    (Apá òsì ni kọ́nà náà kọ sí. Ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé ẹrù níbẹ̀.)

GBOHÙNGBOHÙN: —Tin Roof Parson ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn!

    (Eliseo! Kí ni mo sọ fún ẹ! Àmọ́ agẹṣin náà jókòó jẹ́jẹ́, kò gbé ọ̀pá sókè. Ẹṣin ló ń dá lọ. Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Pásítọ̀ ń wo ti iwájú, ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.)

GBOHÙNGBOHÙN: —ó ti bá nọ́ńbà mẹ́ta, ó ti kọjá ẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀… ipò kẹta! Tin Roof Parson ṣe ipò kẹta!

Òǹwòran mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sùn.


15

(Ilé tẹ́tẹ́, ní ìṣẹ́jú kan náà.)

ILENE: Ọmọ mi, bá mi yí tẹlifíṣọ̀n yẹn sí eré ẹṣin.

OBÌNRIN TÓ Ń GBÉ ỌTÍ: Eré ẹṣin ibo, Mà?

ILENE: Èyí tó ń lọ lẹ́yìn ògiri yìí.

OBÌNRIN TÓ Ń GBÉ ỌTÍ: Ẹṣin wà níbí ni?


16

Verna gbé korobá omi dání, ó ń dúró de Pásítọ̀ níbi tí àwọn ẹṣin ti ń padà bọ̀. Ẹṣin náà ń mí fìn-ìn-fìn-ìn, orí rẹ̀ wà lókè. Inú Verna dùn fún nǹkan bí èémí mẹ́rin. Ó kà á, ó ní mẹ́rin ni.

Ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó so páálí pupa kékeré mọ́ ìjánu Pásítọ̀. Ẹṣin tí wọ́n bá ti rà ni wọ́n ń so pupa mọ́. Verna wo ẹ̀yìn láti rí ẹṣin tí ọkùnrin náà ń wá. Kò sí ẹṣin kankan lẹ́yìn. Royce Amburgey ló wà níbẹ̀, ó ti na ọwọ́ sí okùn.

VERNA: Royce, gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ yẹn gbóná láàárọ̀ yìí.

ROYCE: Àǹtí Verna! Ẹ ò tiẹ̀ lè sinmi? Eré ti parí.

VERNA: Mo fi Ọlọ́run búra.

ROYCE: Ẹ fi Ọlọ́run búra fún baba mi nígbà kan pé ẹṣin kan fọ́jú ọ̀tún. Ó rí wa dáadáa nígbà tó ń já wa sílẹ̀ lórí pápá.

VERNA: Ìyẹn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Royce, má mú un sáré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Fún un ní oṣù mẹ́ta péré.

ROYCE: Oṣù mẹ́ta! Àǹtí, ọ̀gá mi ò mọ̀ pé ẹṣin máa ń sùn.

VERNA: Màá rà á padà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹ nìyí—

ROYCE: Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún mi ná.

Verna ti ki ọwọ́ bọ àpò fún mínǹtì kó tó rántí pé òfin kò gbà kó fún ẹṣin ẹlẹ́ṣin ní nǹkan jẹ. Pásítọ̀ kò mọ òfin. Ó ti imú bọ àpò náà, ó ń tì í ṣáá, báńdéèjì funfun rẹ̀ ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. 


17

Òfin tuntun kan wà. Ọdún méjì péré ló pé. Bí dókítà bá rí i pé ẹṣin tí wọ́n rà ń tiro lẹ́yìn eré, ọjà ti bàjẹ́: ẹṣin á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Verna Stroud, tó ti fi ogójì ọdún gbàdúrà kí ẹṣin òun má tiro, fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ó ń gbàdúrà kí èyí tiro. Díẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo.

Royce di okùn mú, ó sáré díẹ̀díẹ̀ níwájú dókítà, Pásítọ̀ ń tẹ̀ lé e lórí kọnkéré.

    pàkà    pàkà    pàkà    pàkà

    pàkà    pàkà    pàkà    pàkà

    pàkà    pàkà     pàkà    pàkà
            (Ìyẹn? Rárá.)

    pàkà    pàkà    pàkà    pàkà

Ẹṣin náà ń ṣe gìrìgìrì bí ọmọ ọdún méjì. Ara rẹ̀ ṣì gbóná láti orí pápá. Tó bá di alẹ́, ẹsẹ̀ náà á wú, Verna mọ̀, àmọ́ aago mẹ́rin àbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.


18

DÓKÍTÀ PRUITT: Mi ò rí nǹkan kan o. Ó ń rìn dáadáa.

ROYCE: Mo ṣáà ti sọ.

DÓKÍTÀ PRUITT: Ẹ jẹ́ kí n parí. Àǹtí Verna, ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù yìí tí mo gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ni ẹṣin tẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń mú "bẹ́ẹ̀ kọ́," ká lè lọ sílé.

VERNA: Bí ẹnìkan bá wá mú "bẹ́ẹ̀ ni" ńkọ́?

DÓKÍTÀ PRUITT: Ẹṣin á padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ìwé àṣẹ ẹ̀ á lọ. Yàrá tó ní níbí á lọ. Wọ́n á sì yọ ẹṣin náà kúrò nínú eré tòní, bíi pé kò sáré.

DENZIL: (láti ẹnu ọ̀nà) A á ku márùn-ún nìyẹn.

(Kò sẹ́ni tó pè é.)

ROYCE: Dókítà, ọgbọ́n ọjà obìnrin yìí rèé. Ó fẹ́ gba ẹṣin ẹ̀ padà. Ẹ bi gbogbo ilé ẹṣin léèrè, wọ́n á sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

DÓKÍTÀ PRUITT: Mi ò bi gbogbo ilé ẹṣin. Àǹtí, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn lọ́sàn-án yìí. Ó tutù. Ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?

(Fóònù Verna gbọ̀n nínú àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínǹtì. Ilene ni.)

    Wọ́n ní IPÒ KẸTA!!! Èmi ni mo bọ́ ọ o
    Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́
    Yàrá mi ṣì ṣófo


19

    FỌ́Ọ̀MÙ ÀYẸ̀WÒ LẸ́YÌN ERÉ TÍTÀ

    Orúkọ ẹṣin:  Tin Roof Parson
    Yàrá:  12A
    Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀:  V. Stroud
    Ẹni tó rà á:  R. Amburgey
    Eré tó kàn fún un:  ọjọ́ kẹjọ òní

    Ǹjẹ́ ẹni tó ni ẹṣin yìí tẹ́lẹ̀ mọ ohunkóhun
    nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀?

            BẸ́Ẹ̀ NI  [   ]            BẸ́Ẹ̀ KỌ́  [   ]


20

Royce ti ń fa okùn. Pásítọ̀ kò tẹ̀ lé e, ó ń wo àpò.


21

Ọwọ́ tí Verna fi kan ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ ló fi gba bírò.